Afẹ́fẹ́ Fẹ́, A Rí Fùrọ̀ Adìyẹ: Ìtàn Eruku àti Iná ní Ọ̀dàn Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2025, ọjọ́ burúkú kan náà pa ènìyàn ní ọ̀nà méjì ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kansas, nítòsí ìlú Goodland, afẹ́fẹ́ gbé erùpẹ̀ nínú oko, ó dà á bo títì márosẹ̀. Awakọ̀ kò rí iwájú mọ́, ọkọ̀ 71 rọ́ lu ara wọn, ènìyàn 8 sì kú. Ní Oklahoma tó múlé gbè é, iná tó lé ní 130 sọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n jó nǹkan bí 170,000 éékà ilẹ̀ pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé, ènìyàn 4 sì bá a lọ. Ohun tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ sọ ni pé ojú ọjọ́ ló fà á: ilẹ̀ gbẹ, afẹ́fẹ́ le. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ tí a rí fùrọ̀ adìyẹ, afẹ́fẹ́ kọ́ ló fi fùrọ̀ sára adìyẹ. Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn ilẹ̀ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ọmọ ìyá kan ni eruku àti iná, inú ohun tí ojú koríko rí lọ́wọ́ ènìyàn sì ni wọ́n ti jáde. Wọ́n kọ́kọ́ hú koríko tó di ilẹ̀ mú, ni erùpẹ̀ bá fò. Lẹ́yìn náà wọ́n ní iná kò gbọdọ̀ kan koríko tó kù, ni iná bá di ohun tí apá kò ká mọ́.

Ilẹ̀ tí à ń wí yìí tẹ́ rẹrẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ààlà Kánádà, ó gba Dakota méjèèjì, Nebraska, Kansas àti Oklahoma kọjá, ó wọ Texas, àwọn òkè Rocky sì wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Àwọn òkè yìí ló ń gba omi inú afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti òkun Pàsífíìkì, tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá ṣe ń súnmọ́ wọn ni òjò ń dínkù. Ní ìlà-oòrùn ọ̀dàn náà, koríko a máa ga ju ènìyàn lọ. Ní ìwọ̀-oòrùn, kì í sábà ju orúnkún lọ. Igi tó lè dá afẹ́fẹ́ dúró kò pọ̀. Láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin, nígbà tí òtútù ń lọ tí ewé tuntun kò tíì yọ, koríko ọdún tó kọjá á ti gbẹ táútáú. Ẹni tó mọ ọyẹ́, tó mọ bí ètè ṣe ń là àti bí ewé ṣe ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ lásìkò rẹ̀, ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ìdajì kejì ni ipá afẹ́fẹ́, nítorí kò ṣàjèjì níbẹ̀ kó máa sáré tó 60 máìlì ní wákàtí kan. Bí ènìyàn bá wá gbẹ́ ilẹ̀ náà, yóò rí i pé koríko tó wà lábẹ́ ju èyí tó wà lókè lọ. Gbòǹgbò koríko gíga a máa wọlẹ̀ ju ìdúró ènìyàn lọ. Ti koríko kúkurú a máa lọ́ mọ́ra wọn bí ẹní tí wọ́n hun. Ó le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, tí wọn kò rí igi fi kọ́lé, fi gé ilẹ̀ náà pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ ní búlọ́ọ̀kù búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n tò ó jọ, tí wọ́n sì ń gbé inú rẹ̀.

Àwọn tó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, Comanche, Kiowa, Cheyenne, Pawnee, Osage àti àwọn mìíràn, mọ ìwúlò iná. Mànàmáná a máa dá iná níbẹ̀, àwọn náà a sì máa fọwọ́ ara wọn dá a. Ewé tútù tó bá yọ lórí eérú ni ẹfọ̀n fẹ́ràn jù, nítorí náà ibi tí wọ́n bá sun ni agbo ẹfọ̀n yóò kóra jọ sí, tí ọdẹ yóò sì mọ ibi tí yóò lọ. Ibi tí ẹfọ̀n bá ti jẹ koríko mọ́lẹ̀, bí iná bá débẹ̀, ebi ni yóò pa á kú. Báyìí ni ilẹ̀ náà ṣe rí bí aṣọ alábùlẹ̀: apá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, apá kan ń rúwé, apá kan ti gbó. Iná pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún un láti rí ọ̀nà gbọọrọ gbà. Ìgbà tí àwọn ọdẹ tó ń ta awọ dé, láàárín 1870 sí nǹkan bí 1885, wọ́n pa àìmọye mílíọ̀nù ẹfọ̀n títí tó fi ku bí ẹgbẹ̀rún kan péré. Ogun odò Red River, ní 1874 sí 1875, ló lé Comanche àti Kiowa kúrò lórí ilẹ̀ wọn ní gúúsù ọ̀dàn náà. Ẹran lọ, ẹni tó ń dáná lọ, koríko nìkan ló kù.

Koríko náà kò pẹ́ kí ó tó rí tirẹ̀. Ní 1820, ọ̀gágun Stephen Long rin ilẹ̀ náà já, ó sì kọ ọ́ sórí àwòrán ilẹ̀ pé aṣálẹ̀ ni. Ó ṣì í, ṣùgbọ́n àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ṣì í jù ú lọ. Òfin 1862 fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dáko ní 160 éékà. Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tó ní ilẹ̀ láti tà ń polówó rẹ̀ kiri. Ní 1881 Charles Dana Wilber, tó ń rọ àwọn ènìyàn láti wá tẹ̀dó, kọ ọ́ sínú ìwé pé òjò ń tẹ̀lé ẹni tó ń túlẹ̀, pé bí wọ́n bá ti ń la ilẹ̀ ni ojú ọ̀run yóò máa ṣí. Ó dùn mọ́ etí, ilẹ̀ sì tà. Ní 1909 ìjọba sọ 160 náà di 320. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dí ọ̀nà tí àlìkámà Rọ́ṣíà ń gbà jáde, ìjọba Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun yóò ra òṣùwọ̀n bushel àlìkámà kan ní ohun tó ju dọ́là 2 lọ. Katakata dé, irin ìtúlẹ̀ oníàwo bíríkítí dé, èyí tó ń lọ ilẹ̀ kúnná bí èlùbọ́. Láàárín 1925 sí 1930, wọ́n túlẹ̀ tuntun tó lé ní mílíọ̀nù 5 éékà ní gúúsù ọ̀dàn náà nìkan. Àwọn kan kò tilẹ̀ gbé ibẹ̀: wọn a wá gbìn, wọn a padà sílé, wọn a tún wá kórè. Ní 1931, owó bushel kan ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 40 sẹ́ǹtì. Ẹni tó jẹ báńkì ní gbèsè tún túlẹ̀ sí i kó lè rí i san. Ẹni tó sú fi oko sílẹ̀ ní ìhòòhò, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọdún yẹn gan-an ni òjò kọ̀ tí kò rọ̀ mọ́.

Wọ́n ka ìjì eruku ńlá 14 ní 1932, wọ́n ka 38 ní 1933. Ní oṣù kárùn-ún 1934, eruku ọ̀dàn rìn dé Chicago, ó dé New York, ó bọ́ sórí ọkọ̀ ojú omi nínú òkun Àtìláńtíìkì. Èyí tí wọn kò lè gbàgbé ni ti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin 1935. Ọjọ́ Àìkú ni, ojú ọ̀run mọ́ kedere láàárọ̀, àwọn ènìyàn ṣí fèrèsé, wọ́n sá aṣọ síta. Lọ́sàn-án, òtútù rọ́ dé láti àríwá, ó ti ògiri dúdú kan síwájú, ògiri náà sì ga tó òkè. Àwọn ẹyẹ ló kọ́kọ́ kọjá, wọ́n ń sá lọ. Ìgbà tí ó dé, ẹni tó na ọwọ́ síwájú ojú ara rẹ̀ kò rí i. Eruku tó ń gbo ara wọn mú iná mànàmáná wá: ọkọ̀ a kú lójú ọ̀nà, awakọ̀ a so ṣéènì mọ́ abẹ́ ọkọ̀ kó máa wọ́lẹ̀ kí iná náà lè rí ibi gbà lọ. Nínú ilé, aṣọ ìtẹ́bùsùn tí wọ́n rẹ sómi ni wọ́n fi ń bo fèrèsé. Ìyàwó ilé a da àwo dojú dé sórí tábìlì títí oúnjẹ yóò fi délẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ibi tí orí wà lórí ìrọ̀rí nìkan ni yóò funfun, eruku á ti bo ìyókù. Ọmọdé àti arúgbó ni òtútù àyà tí eruku ń fà pa jù. Akọ̀ròyìn kan, Robert Geiger, tí ìjì náà ká mọ́ ẹ̀yìn ìlú Boise City ní Oklahoma, ló pe agbègbè náà ní Dust Bowl nínú ìròyìn tó kọ lọ́jọ́ kejì, ìyẹn Àwo Eruku, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí dòní.

Níbí ni àwọn tó mọ ìtàn yóò ti dá mi lọ́wọ́ kọ́, ó sì yẹ kí á gbọ́ wọn. Òpìtàn James Malin ṣí ìwé ìròyìn àtijọ́ ní Kansas, ó rí ìjì eruku nínú wọn láti nǹkan bí 1850, nígbà tí àwọn tó ń túlẹ̀ ṣì kéré. Geoff Cunfer, nínú ìwé tó gbé jáde ní 2005, wo àkọsílẹ̀ county kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ náà, ó ní ọ̀gbẹlẹ̀ àti ooru bá ìjì eruku rìn ju bí wọ́n ṣe túlẹ̀ tó lọ. Mo gba àwọn méjèèjì gbọ́ dé ibi tí wọ́n dé. Kò sí ẹni tó mọ ilẹ̀ náà tí yóò sọ pé eruku kò fò rí kí katakata tó dé. Ọ̀gbẹlẹ̀ a máa pa koríko, afẹ́fẹ́ a sì máa rí ibi tó ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjì tó bo abúlé kan lọ́sàn-án kan yàtọ̀ sí ìjì tó gbé ilẹ̀ ọ̀dàn lọ sínú òkun. Ọ̀gbẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ dá nìkan ṣe é. Ní 2009, Benjamin Cook àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà tún ojú ọjọ́ ọdún 1930 sí 1939 ṣe, wọ́n sì rí i pé ìgbà tí wọ́n fi ilẹ̀ ìhòòhò àti eruku kún un ni ọ̀gbẹlẹ̀ inú kọ̀ǹpútà tó jọ èyí tó ṣẹlẹ̀ gan-an: eruku tó bo ojú ọ̀run tún ń lé òjò sẹ́yìn. Ẹ wo ọ̀gbẹlẹ̀ tó tẹ̀lé e pẹ̀lú. Èyí tó mú Texas láti 1950 sí 1957 ni ìpínlẹ̀ náà kà sí èyí tó burú jù nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Eruku jà, àwọn àgbẹ̀ jìyà, síbẹ̀ kò da ilẹ̀ rú tó ti 1935. Ohun tó yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ti ń tọ́jú ilẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní òmùgọ̀ àti olójúkòkòrò ni àwọn àgbẹ̀ náà, pé ohun tí wọ́n gbìn ni wọ́n ká. Èmi kò lè fara mọ́ èyí. Ní 1878, John Wesley Powell, tó pàdánù apá kan lójú ogun abẹ́lé, kọ ìròyìn sí ìjọba pé ilẹ̀ gbígbẹ ìwọ̀-oòrùn kò ṣeé pín ní 160 éékà. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ fi ẹran jẹun níbẹ̀ nílò 2,560 éékà, pé kí àwọn aládùúgbò sì jọ máa lo pápá. Àwọn aṣòfin kò kà á sí. Nígbà tí òfin bá fún ènìyàn ní ilẹ̀ tí kò lè bọ́ ẹran tó tó bọ́ ọmọ, kí ni yóò ṣe bí kò ṣe kó túlẹ̀? Báńkì yá a lówó láti fi ra katakata, ìjọba ní kó gbin àlìkámà kí ogun lè dópin, ẹni tó ta ilẹ̀ fún un búra pé òjò ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ sá lọ nígbà tí ó le. Ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 2 àtààbọ̀ kúrò ní àwọn ìpínlẹ̀ ọ̀dàn kó tó di 1940, ṣùgbọ́n àwọn tó dúró ju àwọn tó lọ. Àwọn tó dúró yìí ló kọ́ iṣẹ́ tuntun náà. Hugh Hammond Bennett, tó ti ń pariwo nípa ilẹ̀ tó ń ṣàn lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, rí etí ìgbọ́ nígbẹ̀yìn. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin 1935, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn Ọjọ́ Àìkú dúdú yẹn, òfin dá àjọ tí yóò máa tọ́jú ilẹ̀ sílẹ̀, Bennett sì di olórí rẹ̀. Wọ́n ń kọ ebè yípo òkè dípò kí wọ́n kọ ọ́ gbọọrọ, wọ́n ń fi pòròpórò sílẹ̀ lóko kó bo ilẹ̀, wọ́n sì gbin nǹkan bí 220 mílíọ̀nù igi ní ìlà ìlà láti North Dakota dé Texas kí wọ́n lè ṣẹ́ ẹsẹ̀ afẹ́fẹ́.

Eruku rọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná ni kò yanjú, nítorí pé kò sí ẹni tó rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ìbẹ̀rù iná ti wọ àwọn tó tẹ̀dó síbẹ̀ lẹ́jẹ̀, kò sì yani lẹ́nu. Bí iná bá sọ lọ́jọ́ afẹ́fẹ́, àwọn darandaran Texas a pa màlúù kan lójú ẹsẹ̀, wọn a là á sí méjì, wọn a fi okùn so ó mọ́ ẹṣin méjì. Ẹṣin kan a sáré lórí ilẹ̀ tó ti jó, èkejì lórí èyí tí kò tíì jó, ẹran tútù náà a máa wọ́ lórí ìlà iná láàárín wọn, a máa tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹni tó ti fi irú ohun báyìí gba ilé rẹ̀ là kò lè gbọ́ pé iná wúlò. Nítorí náà wọ́n fòfin de dídáná, wọ́n sì ń pa gbogbo èyí tó bá sọ. Igi kédárì pupa, tí iná máa ń pa ní kékeré, wá rí àyè. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn ín mọ́ àwọn ìlà igi tó ń ṣẹ́ afẹ́fẹ́, ẹyẹ sì ń jẹ èso rẹ̀ káàkiri. Òróró wà lára igi yìí. Bí iná bá mú un, ó ń jó bí ògùṣọ̀, ẹyin iná rẹ̀ a sì bá afẹ́fẹ́ fò lọ dáná síbòmíràn. Ní 2016, iná Anderson Creek jó ohun tó ju 350,000 éékà lọ ní Oklahoma àti Kansas, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láàárín kédárì. Ọdún tó tẹ̀lé e, iná Starbuck jó ju 600,000 lọ ní ìpínlẹ̀ méjì kan náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù sì kú mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọgbà wáyà tí kò jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà sá.

Èyí tó tóbi jù nínú ìtàn Texas ni iná Smokehouse Creek. Wáyà iná mànàmáná ló dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì 2024, nítòsí ìlú kékeré Stinnett. Lọ́jọ́ kejì, afẹ́fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn ti nà án gbọọrọ bí okùn lọ sí ìhà Oklahoma. Nírọ̀lẹ́, òtútù dé láti àríwá, afẹ́fẹ́ yí padà, ẹ̀gbẹ́ okùn náà látòkèdélẹ̀ sì di orí iná: ohun tó ń lọ sí ìlà-oòrùn ní tẹ́ẹ́rẹ́ kọjú sí gúúsù ní fífẹ̀. Kò sí panápaná tó lè dúró níwájú irú èyí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lọ pa á sì jẹ́ ará abúlé tó ń ṣe é láìgba owó. Ó jó ju mílíọ̀nù kan éékà lọ, ó pa ènìyàn méjì, màlúù tó kú lé ní 7,000. Oko kì í jó kí màjàlà má ṣòfófó. Ohun tí màjàlà ti ọdún náà ń wí ni pé koríko pọ̀ jù, ó sì so kọ́ra jù, láìsí ibi tí iná yóò ti pàdé ebi.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé mo ń ta ko ara mi: bí koríko bá jẹ́ oògùn eruku, òun náà kọ́ ni oúnjẹ iná? Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gbẹlẹ̀ gígùn ló ń bí ìjì eruku, àmọ́ iná ńlá sábà máa ń tẹ̀lé ọdún tí òjò rọ̀ dáadáa tí koríko ga. Láti 1985 ni ìjọba ti ń san owó fún àgbẹ̀ tó bá dá oko rẹ̀ padà fún koríko, ohun rere ni, ṣùgbọ́n bí ẹran kò bá jẹ koríko náà tí iná ìgbà tó tọ́ kò sì kàn án, wọ́n kàn to ìdáná jọ ni. Àwọn mìíràn yóò ní ayé tó ń gbóná sí i ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Mo gbà pé ooru ń mú kí afẹ́fẹ́ fa omi jáde lára koríko kíákíá, èyí á sì tún burú sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ooru bá bá nílẹ̀ ló ń gbẹ. Ní òkè Flint Hills ní Kansas, ilẹ̀ kún fún òkúta tó bẹ́ẹ̀ tí irin ìtúlẹ̀ kò lè wọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù nínú ìwọ̀nba koríko gíga tó ṣẹ́ kù wà, kò sì tó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọlọ́sìn màlúù ibẹ̀ kò jáwọ́ nínú iná dídá. Lọ́dọọdún, ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, wọn a yan ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ rọ̀, wọn a kọ́kọ́ sun etí pápá, wọn a sun inú rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí àwọ̀ ewé yóò bo dúdú. Èéfín rẹ̀ a máa yọ àwọn ará ìlú lẹ́nu, ẹjọ́ wọn sì tọ́, ó yẹ kí wọ́n máa pín sísun náà sí àkókò púpọ̀. Ní Texas, Oklahoma àti Nebraska, àwọn ọlọ́sìn ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe bí àwa ṣe ń ṣe ọ̀wẹ̀: wọn a péjọ sun ti ẹnì kan lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́la, nítorí ẹnì kan kò lè dá dúró ti iná. Nebraska ni wọ́n ti ń fi èyí lé kédárì padà sẹ́yìn.

Ewu tó ń bọ̀ ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀. Ohun tó ń mú ewéko tutù ní ọ̀pọ̀ oko tí wọ́n túlẹ̀ láyé Wilber ni omi abẹ́ ilẹ̀ Ogallala tí ẹ̀rọ ń fà láti bí ọgọ́rin ọdún, omi náà sì ń lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Kansas àti ní Texas yára ju bí òjò ṣe lè dá a padà lọ. Oko tí omi bá tán lábẹ́ rẹ̀ tí koríko kò sí lórí rẹ̀ yóò tún fò. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejìlá 2021 fi bí yóò ti rí hàn: afẹ́fẹ́ tó sáré ju 100 máìlì lọ ní àwọn ibì kan gbé eruku Colorado kọjá lórí Kansas, lọ́sàn-án kan náà tí iná ń jó nǹkan bí 120,000 éékà ní àárín Kansas. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tó ṣeé ṣe, kí wọ́n lọ wo Morton County, ní igun Kansas tó bá Colorado àti Oklahoma pààlà, ọ̀kan nínú ibi tí eruku ti ṣe jàm̀bá jù. Ìjọba ra àwọn oko tó ti di yanrìn níbẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, wọ́n tún koríko gbìn, ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó mú. Orúkọ ilẹ̀ náà lónìí ni Cimarron National Grassland. Ó tó 108,000 éékà, màlúù ń jẹ lórí rẹ̀, irin ìtúlẹ̀ kò sì kàn án mọ́.